Áńgẹ́lì Tó Dúró Lórí Balùwẹ̀ Àwọn Awakùsà

Ẹni tó bá ń lọ sí àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ì báà gba títì márosẹ̀ A1, ì báà wọ rélùwéè, kò ní í ṣàì rí i bó bá dé Gateshead: ère onírin kan lórí òkè kékeré, tó na apá méjèèjì gbọọrọ bí ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 20. Láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì jẹ́ mítà 54. Ó pọ́n rúsúrúsú bí irin tó dógùn-ún, nítorí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ po bàbà díẹ̀ mọ́ irin náà kí ìpẹtà ara rẹ̀ lè di aṣọ tó ń dáàbò bo inú. Angel of the North lorúkọ rẹ̀. Ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀ gan-an ni balùwẹ̀ wà nígbà kan, níbi tí àwọn awakùsà ti ń fọ èédú kúrò lára kí wọ́n tó lọ bá àwọn ọmọ wọn nílé.

Káńsù ìlú Gateshead ló gbé e kalẹ̀. Káńsù tó ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, tó ń dí kòtò ojú títì, òun náà ló jókòó ìpàdé títí tí áńgẹ́lì fi jáde. Ère náà ni gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn káńsẹ́lọ̀ fi pa ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ló yẹ ká sọ.

Odò Tyne ló pààlà sáàárín Gateshead àti Newcastle kó tó ṣàn lọ bá Òkun Àríwá. Newcastle ló lórúkọ. Gateshead ni ìlú òdìkejì, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà kọjá láì sọ̀ kalẹ̀. Èédú, irin àti ọkọ̀ ojú omi ló ń bọ́ àwọn ará ibẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn kòtò èédú ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1980, bèbè odò ti dahoro. Ilé ìlọ fúláwà gàgàrà kan tí wọ́n ń pè ní Baltic pa iṣẹ́ tì, àwọn ẹyẹ òkun sì sọ ojú ògiri rẹ̀ di ìtẹ́.

Lójú tèmi, orí pápá ìṣeré ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Brendan Foster, eléré sísá tó jẹ́ ọmọ Hebburn nítòsí ibẹ̀, sọ fún káńsù pé bí wọ́n bá lè tẹ́ ojú ọ̀nà ìsáré ìgbàlódé sí pápá ìlú, òun á sáré tó yá jù lọ lágbàáyé níbẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ 1974, Foster sá 3,000 mítà ní ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35, eré tí ẹnikẹ́ni kò tíì sá yá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé nígbà náà. Ìlú tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wá rí i pé bí òun bá tẹ́ ibùsùn fún ohun ńlá, ohun ńlá lè wá sùn sí i.

Láti ìgbà náà ni káńsù ti láyà. Wọn kò ní ilé àwòrán ńlá, nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ère síta ní àwọn ọdún 1980, sí ẹ̀bá títì àti etí odò. Ní 1990, wọ́n gba àjọ̀dún ọgbà ti orílẹ̀-èdè lálejò lórí ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ gáàsì àti èédú ti bà jẹ́. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ló wá wo òdòdó níbi tí koríko kò ti fẹ́ hù mọ́. Nígbà yẹn náà ni wọ́n ya òkè ibi ìwakùsà àtijọ́ sọ́tọ̀ fún ère kan tí wọn kò tíì mọ̀.

Ní 1994 wọ́n yan oníṣẹ́ ère Antony Gormley láti ṣe é. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé kò kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ère ẹ̀bá títì, àfìgbà tí wọ́n fi fọ́tò òkè náà hàn án. Ó ní abẹ́ ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn fún igba ọdún. Ó yẹ kí ohun kan dúró nínú ìmọ́lẹ̀ fún wọn.

Ìlú fárígá. Wọ́n kó ìbuwọ́lùwé jọ. Wọ́n ní awakọ̀ á máa wò ó, á sì forí sọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n ní á ba àwòrán tẹlifíṣọ̀n jẹ́. Ìwé ìròyìn kan tilẹ̀ fi í wé iṣẹ́ àwọn Nazi. Èmi ò bá wọn wí. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí 800,000 pọ́n-ùn ń wá lára ère, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó lọ́tìrì ló gbé èyí tó pọ̀ jù. Àwọn káńsẹ́lọ̀ gbọ́ ìbínú náà, ìbò ń bọ̀ níwájú wọn, síbẹ̀ wọn kò yẹsẹ̀.

Ní Hartlepool ni wọ́n ti jó irin náà pọ̀, ìlú etíkun tí iṣẹ́ irin àti ọkọ̀ ojú omi ti jẹ́ iṣẹ́ ìran. Lórí òkè, ihò èédú àtijọ́ ló kún abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n dí wọn, wọ́n sì ri àwọn òpó kankéré sílẹ̀ tó mítà 20: bí ère náà ṣe ga sókè ni gbòǹgbò rẹ̀ ṣe jìn nísàlẹ̀, kí ìjì má baà gbé tọ́ọ̀nù 200 ṣubú. Ní oṣù Kejì 1998, tírélà gbé e dé ní abala mẹ́ta. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Newcastle United fi jẹ́sì onínọ́ńbà 9 ti Alan Shearer, agbábọ́ọ̀lù wọn, tí wọ́n rán ní ìwọ̀n òmìrán, wọ áńgẹ́lì lọ́rùn. Àwọn ọlọ́pàá ní kí wọ́n bọ́ ọ, ṣùgbọ́n a kì í wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ ẹni fún àlejò.

Ohun tó kù yára dé. Ní oṣù Kọkànlá 2000, kíréènì orí omi gbé afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan lódindi gba orí odò wá, èyí tó máa ń yí ara padà sókè bí ojú tó ń ṣẹ́jú kí ọkọ̀ lè kọjá. Baltic di ilé àwòrán ní 2002. Gbọ̀ngàn orin tí ayàwòrán-ilé Norman Foster yà ṣí ní 2004. Àwọn ẹyẹ òkun tí iṣẹ́ lé kúrò lára Baltic ńkọ́? Káńsù kọ́ ilé ìṣọ́ kan fún wọn létí odò.

Mo fẹ́ràn ilé ẹyẹ yẹn ju afárá lọ. Àmọ́ ó tún ń dùn mí, nítorí ọ̀rọ̀ awakùsà àti àwọn tó ń kan ọkọ̀ kò rọrùn bíi ti ẹyẹ: iṣẹ́ tó wà nínú gbọ̀ngàn orin kò bá ọwọ́ tó ti le koko nínú èédú mu, òṣì kò sì tíì kúrò ní àdúgbò tó wà lẹ́yìn bèbè odò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńgẹ́lì náà, àwọn igi kan wà tí káńsù kò fi sínú ètò kankan. Àwọn èèyàn ló sọ wọ́n di ibi ìrántí fúnra wọn. Wọ́n so fọ́tò òkú wọn mọ́ ẹ̀ka, pẹ̀lú òdòdó, rìbọ́ọ̀nù, lẹ́tà tí òjò ti pa rẹ́, àti bàtà ọmọ ọwọ́.