Kòkòrò inú wàrà tí wọn ò sè, tó ń gún sẹ́ẹ̀lì wa lábẹ́rẹ́

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà Ìgànná, ẹ máa rí àwọn ìyá Fúlàní tó gbé igbá wàrà. Mi ò ní kẹ́ ẹ má jẹ wàrà o! Ṣùgbọ́n bakitéríà kan wà tí màlúù lè gbé sínú wàrà tí wọn ò tíì gbé kaná. Brucella lorúkọ rẹ̀. David Bruce, dókítà ológun Gẹ̀ẹ́sì, ló rí i ní erékùṣù Malta lọ́dún 1887.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ara wa tó dà bíi sójà. Wọ́n á gbé kòkòrò mì, wọ́n á tì í mọ́ inú àpò kékeré kan, wọ́n á wá da ásíìdì lé e lórí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kòkòrò ń kú sí. Ti Brucella yàtọ̀: ásíìdì yẹn gan-an ló ń jí i! Bó ṣe ń ta á lára ló máa to ẹ̀rọ kan jọ, VirB, tí jíìnì 12 ń bójú tó. Ẹ̀rọ náà ń ṣe bí abẹ́rẹ́: ó ń ti purotéènì kòkòrò náà gba ara àpò kọjá bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn purotéènì yìí á darí àpò náà gba ọ̀nà míì, títí dé ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe purotéènì tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Brucella ti ń pọ̀ sí i wẹ́rẹ́.

Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Faransé fi hàn pé tí wọ́n bá ba jíìnì VirB jẹ́, kòkòrò náà ò lè gbilẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì mọ́.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, òógùn òru, oríkèé ríro: lónìí a ó ní ibà ẹ̀fọn ni, lọ́la a ó ní táífọ́ọ̀dù ni. Nítorí pé inú sẹ́ẹ̀lì ló sá pamọ́ sí, oògùn ọjọ́ mẹ́ta ò lè ká a. Oríṣi oògùn méjì ni dókítà sábà máa ń fún èèyàn pọ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006 rí àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran àti tàwọn tó ń bá ẹran ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn níbí.

Iná ń pa á. Wàrà tí wọ́n fi omi bọ̀mùbọ́mù sè dáadáa kì í ṣe ìṣòro wa. Èyí tí wọn ò sè ni, títí kan nónò. Tí oyún bá bàjẹ́ lára màlúù, ẹ má fọwọ́ lásán kó o. Tí ibà ò bá sì lọ, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ mu wàrà tí wọn ò sè, tàbí pé ẹ ń sin màlúù. Gbólóhùn kan yẹn lè mú kó ṣàyẹ̀wò tó yẹ.