Nígbà Tí Ìrànlọ́wọ́ Di Ìbínú: Ìjì Etíkun Bẹ̀ńgálì ní Ọdún 1970

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń jẹyọ nígbàkúùgbà tí àjálù ńlá bá ṣẹlẹ̀ ní apá ibì kan láyé. Gbogbo ayé a dìde, owó a bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, oúnjẹ àti aṣọ a kún inú ọkọ̀ òfúrufú, àwọn olórí ìjọba a sì fi ìwé ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́. Síbẹ̀, kí oṣù kan tó pé, ariwo ìbínú ni a ó máa gbọ́ láti ẹnu àwọn tí à ń ràn lọ́wọ́. Kí ló fà á? Ṣé aláìmoore ni wọ́n ni? Àbí ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ?

Ọ̀rọ̀ tí ó ti pẹ́ díẹ̀ ni mo fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè yìí. Ìdí tí mo fi yan èyí tí ó ti pẹ́ ni pé eruku rẹ̀ ti rọlẹ̀, a sì lè rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kedere. Òun ni ìjì tí ó jà ní etíkun Bẹ̀ńgálì lóru ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1970. Kò sí ẹni tí ó mọ iye ènìyàn tí ó bá a lọ ní pàtó. Àwọn tí ó fojú díwọ̀n rẹ̀ sọ pé ó wà láàárín 300,000 sí 500,000. Ìjì kan, òru kan.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ bí ilẹ̀ náà ti rí nígbà náà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1947, wọ́n pín in sí méjì, wọ́n sì pe ìpín kan ní Pàkísítánì. Ṣùgbọ́n Pàkísítánì yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ apá méjì, ọ̀kan ní Ìlà-Oòrùn, ọ̀kan ní Ìwọ̀-Oòrùn, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún máìlì kan ilẹ̀ Íńdíà ni ó sì là wọ́n láàárín. Ìlà-Oòrùn ni èrò pọ̀ sí jù. Ìwọ̀-Oòrùn ni olú-ìlú, àwọn ọ̀gá ológun àti àpò ìṣúra wà. Èdè wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Láti ọdún 1952 ni àwọn ará Ìlà-Oòrùn ti ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí èdè Bẹ̀ńgálì wọn, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Dhaka. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Nísinsin yìí, báwo ni omi òkun ṣe lè pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ lóru kan ṣoṣo? Odò mẹ́ta ńláńlá, Ganges, Brahmaputra àti Meghna, ni wọ́n para pọ̀ tí wọ́n sì tú sínú òkun níbẹ̀. Wọ́n ń gbé ẹrẹ̀ bọ̀ láti òkè jíjìnnà, wọ́n sì ń dà á sẹ́nu òkun, ẹrẹ̀ náà a di erékùṣù tuntun. Ilẹ̀ ọlọ́ràá ni. Ìrẹsì a máa ṣe dáadáa lórí rẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní ilẹ̀ níbòmíràn a kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, a kọ́ ilé ewéko, a bẹ̀rẹ̀ sí í dáko. Ẹni tí ó bá mọ àwọn abúlé etí omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ yóò lè fi ojú inú wo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò fi nǹkan púpọ̀ ga ju òkun lọ. Ìjọba ti mọ bèbè amọ̀ sí àwọn ibì kan láti ọdún díẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n kí omi iyọ̀ má bàa wọ oko ni wọ́n ṣe mọ ọ́n, kì í ṣe láti dá irú omi tí ìjì ńlá ń tì bọ̀ dúró.

Òkun tí ó wà níwájú ilẹ̀ yìí rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Ẹnu rẹ̀ gbòòrò níhà gúúsù, ó ń fún lọ síhà àríwá, kò sì jìn púpọ̀. Bí ìjì bá ti omi wọ inú rẹ̀, omi náà kò ní ibi tí yóò yà sí, òkè nìkan ni ó kù fún un. Bí ó bá tún ṣe kòńgẹ́ àkókò tí òkun ń kún, ewu náà di ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí lóru ọjọ́ yẹn. Omi tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ ni ó bo erékùṣù Bhola, Hatiya àti àwọn mìíràn mọ́lẹ̀. Ní Tazumuddin, agbègbè kan ní Bhola tí ènìyàn 167,000 ń gbé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ó kú.

Ẹnì kan lè wí pé, ṣé kò sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún wọn ni? Wọ́n kìlọ̀. Rédíò kéde rẹ̀. A fojú díwọ̀n pé nínú ènìyàn 100 ní agbègbè náà, nǹkan bí 90 ni ó gbọ́ pé ìjì ń bọ̀, ẹnì kan péré ni ó sì sá lọ sí ilé tí ó lágbára. Ẹ má ṣe yára pè wọ́n ní olóríkunkun o. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà gan-an ni a ti kéde ìjì kan fún wọn, ìjì náà wá, kò sì tó bí wọ́n ti ṣe pariwo rẹ̀ tó. Yàtọ̀ sí èyí, kí ni ìwúlò ìkìlọ̀ fún ẹni tí kò ní ibi tí yóò sá sí? Mélòó ni ilé alágbára tí ó wà lórí erékùṣù ẹrẹ̀? Ẹni tí ó bá tilẹ̀ fẹ́ fi erékùṣù sílẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀, inú òkun kan náà tí ìjì ń bọ̀ láti ibẹ̀ ni yóò sì gbà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tí ó yè rí i pé kò sí ilé, kò sí màlúù, kò sí ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ kórè, omi mímu sì ti di iyọ̀. Ìròyìn kò tètè jáde, nítorí gbogbo ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ ti já. Nígbà tí ó wá jáde, ayé gbọ́, ayé sì ṣe é. A kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ayé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Amẹ́ríkà ṣèlérí 10 mílíọ̀nù dọ́là. Ìlú Ọba fi ọkọ̀ ojú omi ológun ránṣẹ́, àwọn ọmọ ogun wọn sì ń fi hẹlikópítà gbé oúnjẹ lọ sí àwọn erékùṣù. Íńdíà tí òun àti Pàkísítánì ti jagun ní ọdún 1965 wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ti wọ́? Dhaka ni ẹrù ń dé sí, Dhaka kì í sì í ṣe Bhola. Láàárín pápákọ̀ òfúrufú àti ẹni tí ebi ń pa, odò ni, ẹrẹ̀ ni, èbúté tí ó ti wó ni, àti ọkọ̀ ojú omi tí ìjì ti fọ́. Ohun tí ó lè ré gbogbo ìwọ̀nyí kọjá ni hẹlikópítà, àwọn ológun Pàkísítánì sì ní in, ṣùgbọ́n ní Ìwọ̀-Oòrùn ni. Fún ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ọkọ̀ òfúrufú ológun kan ṣoṣo tí ń kó ẹrù, àti mẹ́ta tí a fi ń fín oògùn sí irè oko, ni ìjọba yọ̀ǹda fún iṣẹ́ náà. Ìjọba ní Íńdíà ni kò jẹ́ kí hẹlikópítà àwọn gba orí ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Íńdíà ní irọ́ ni. Ìjọba kan náà yìí ni kò gbà kí àwọn ará Íńdíà fi ọkọ̀ òfúrufú gbé ẹrù wá, ilẹ̀ ni ó ní kí wọ́n gbà, bí ọ̀nà ti lọ́ra tó.

Ààrẹ Yahya Khan, ọ̀gágun tí ó gba ìjọba ní ọdún 1969, wà ní ilẹ̀ Ṣáínà nígbà tí ìjì jà. Ó yà sí Dhaka nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó fi ọkọ̀ òfúrufú yí agbègbè náà po láti òkè, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ó lè jẹ́ pé ó ti pàṣẹ tí ó yẹ. Ó lè jẹ́ pé kò sí ohun tí wíwà rẹ̀ níbẹ̀ ìbá ṣe. Ṣùgbọ́n ní ilé ọ̀fọ̀, ẹni tí kò sọ̀kalẹ̀ jókòó kò tíì kíni, àwọn Bẹ̀ńgálì náà sì mọ èyí bí àwa ti mọ̀ ọ́n. Ó padà wá kí oṣù náà tó parí, ó sì jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà nínú bí àwọn ṣe ṣètò ìrànlọ́wọ́ náà. Ó ti pẹ́ jù.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kọ́kọ́ wọ́de ní Dhaka. Lẹ́yìn náà, àwọn aṣáájú òṣèlú Ìlà-Oòrùn mọ́kànlá fọwọ́ sí ìwé kan tí ó fi ẹ̀sùn àìbìkítà kan ìjọba. Arúgbó aṣáájú nì, Maulana Bhashani, kó èrò jọ, ó sì ní kí Ààrẹ fi ipò sílẹ̀. Sheikh Mujibur Rahman tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Awami League bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Ohun tí ó sọ ni pé àlìkámà ṣe dáadáa ní Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún náà, síbẹ̀ láti òkè òkun ni oúnjẹ àkọ́kọ́ ti dé. Pé àwọn oníṣòwò aṣọ ọ̀hún kò fi ọ̀pá aṣọ kan ṣoṣo ránṣẹ́ láti fi di òkú. Pé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń bá àwọn sin òkú àwọn, nígbà tí orílẹ̀-èdè àwọn ní ọmọ ogun tirẹ̀.

Níbí ni mo rò pé ìdáhùn wà. Ìrànlọ́wọ́ àjèjì kò bí àwọn ènìyàn yìí nínú nítorí pé ó kéré. Òun ni ó tú àṣírí ìjọba wọn. Bí kò bá sí ẹni tí ó wá rárá, wọn ìbá wí pé àtubọ̀tán ọ̀nà jíjìn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí ó ti Ìlú Ọba wá dé kí ẹni tí a jọ ń san owó-orí sínú àpò kan tó dé, kí ni a ó pè é? Àìrajaja ìjọba nínú ìjì kan di ẹ̀rí fún ẹ̀sùn tí ó ti wà nílẹ̀ fún ọdún 23.

Síbẹ̀, kí a ṣe é bí adájọ́. Àwọn dókítà méjì, Alfred Sommer àti Wiley Mosley, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí àrùn onígbáméjì ní Dhaka, lọ káàkiri agbègbè náà lẹ́yìn ìjì, wọ́n sì ń ka ènìyàn láti agbo ilé dé agbo ilé. Wọ́n rí i pé ó kéré tán, 224,000 ni ó kú. Àwọn ọmọdé, àwọn arúgbó àti àwọn obìnrin ni ikú mú jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó yè ni ó ní egbò ní àyà, ní apá àti ní itan, nítorí pé igi ni wọ́n dì mọ́ títí omi fi lọ. Ẹni tí apá rẹ̀ kò lágbára láti di igi mú ni omi gbé lọ. Ìwádìí wọn tún fi hàn pé àjàkálẹ̀ àrùn tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù kò jà. Ikú náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí hẹlikópítà tí ìbá yí èyí padà, ìbá à jẹ́ pé ó dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tí àwọn tí ó ṣẹ́kù nílò ni oúnjẹ títí di ìkórè mìíràn, ilé, irinṣẹ́, àti màlúù tí yóò fa ohun èlò ìtúlẹ̀. Àwọn tí ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ láti òkèèrè kì í sì í sábà rántí màlúù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà wà nínú ìwé ìtàn. Ìdìbò wáyé ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1970, wọ́n sì sún ti àwọn ibi tí ìjì ti jà sí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1971. Nínú àga 162 tí ó jẹ́ ti Ìlà-Oòrùn, Awami League gba 160. Àwọn kan ń wí pé ìjì ni ó dá Báńgíládéṣì sílẹ̀. Èmi kò gbà á bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹgbẹ́ náà ti gbilẹ̀ kí ìjì tó jà, ọ̀rọ̀ èdè àti ti owó sì ti pẹ́ ní ikùn àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ológun kò gbé ìjọba fún ẹni tí ó wọlé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1971 wọ́n kọ lu Dhaka, ogun sì bẹ̀rẹ̀. Ó parí ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá, orílẹ̀-èdè tuntun sì dúró.

Ní àárín ogun yìí, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1971, George Harrison àti Ravi Shankar kó àwọn olórin jọ ní Niu Yọ́ọ̀kì láti kówó fún àwọn asásálà. Owó ẹnu ọ̀nà, nǹkan bí 243,000 dọ́là, lọ sọ́wọ́ UNICEF. Èyí tí ó pọ̀ jù, tí ó ti inú àwo orin náà wọlé, há sọ́wọ́ àwọn agbowó-orí Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé wọn kò forúkọ ìdáwó àánú náà sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ ò rí nǹkan! Ìwé tí a kò kọ ní Niu Yọ́ọ̀kì ń dá ẹni tí ó wà nínú àgọ́ ní Bẹ̀ńgálì dúró. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní Jìnífà tí yóò máa mú ìrànlọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè wà ní ìṣọ̀kan nígbà àjálù.

Báńgíládéṣì fúnra rẹ̀ kò dúró de Jìnífà. Ní ọdún 1972, ìjọba tuntun náà àti ẹgbẹ́ Red Cross bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó fi àwọn ará abúlé gan-an ṣe akéde ìjì. Àsíá ni wọ́n ń ta, wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri, wọ́n sì ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n tún ń kọ́ ilé kọnkéré tí ó dúró lórí òpó gíga, kí omi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò pé lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1991, ìjì mìíràn tún pa nǹkan bí 138,000, àwọn ilé náà kò sì tíì tó nígbà náà. Wọ́n tún kọ́ sí i. Nígbà tí ìjì Sidr jà ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, tí òun náà lágbára gidigidi, nǹkan bí 3,400 ni ó kú. Àwọn akéde náà ti ju 70,000 lọ báyìí, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ni kì í fẹ́ jáde lóru bí kò bá ṣe obìnrin bíi tirẹ̀ ni ó wá kanlẹ̀kùn.