Òjò Ta Ni Wọ́n Fẹ́ Fi Ra Yìnyín?

Àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti màálù tí à ń rà ní Sábó, ìbáà jẹ́ ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń bọ̀: Kánò, Ṣókótó, àní títí dé ilẹ̀ Niger. Òjò oṣù díẹ̀ péré ni ilẹ̀ ọ̀hún gbójú lé lọ́dún. Bí òjò yẹn bá kọ̀, ọjà á gbówó lórí ní Sábó. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìnyín ìkángun àríwá ayé fi kàn wá: ọgbọ́n tí àwọn kan fẹ́ fi dá a dúró lè kó bá òjò ọ̀hún.

Yìnyín náà ń yọ́. Ilẹ̀ Siberia, Alaska àti Kánádà tó ti dì gbagidi láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún náà ti ń rọ̀, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sì tó bíi ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ ayé. Tó bá tú jáde, ooru á tún lé sí i.

Òkè oníná ló fọgbọ́n han àwọn onímọ̀. Ní oṣù kẹfà 1991, Pinatubo bú gbàmù ní Philippines, ó tu èéfín imí ọjọ́ bíi mílíọ̀nù 15 tọ́ọ̀nù sókè. Èéfín náà ta bo oòrùn bí ọyẹ́, ayé sì tutù ní nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n Celsius. Ní 2006, Paul Crutzen, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, ní ká wádìí bóyá èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú rẹ̀. Ní 2022, Wake Smith ti Yunifásítì Yale àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣírò ohun tí yóò ná ayé láti fi tu ìkángun ayé lára: bàálù bíi 125 tí yóò máa da imí ọjọ́ sójú ọ̀run, ìrìnàjò bíi 175,000 àti dọ́là bílíọ̀nù 11 lọ́dọọdún.

Ibi tí àyà mi ti ń já nìyí. Òkè oníná Katmai bú ní Alaska ní 1912; lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò kọ̀ ní ilẹ̀ Hausa, ìyàn tí wọ́n ń pè ní Kakalaba sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn. El Chichón bú ní Mexico ní 1982. Ọ̀dá burúkú tún tẹ̀ lé e ní Sahel, ìyẹn agbègbè ilẹ̀ gbígbẹ tí Niger àti Ṣókótó wà. Ní 2013, Jim Haywood àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Britain fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀wọ́ òjò máa ń tẹ̀ lé ibi tó bá gbóná jù. Bí wọ́n bá da imí ọjọ́ sójú ọ̀run àríwá nìkan, òjò á sún sí gúúsù, Sahel á gbẹ. Smith náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní ìkángun méjèèjì ayé ni kí wọ́n dà á sí. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó ń lé yìnyín tirẹ̀ nìkan, ta ni yóò fipá mú un dé gúúsù?

Ní oṣù kẹjọ 2023, àwọn mínísítà àyíká Áfíríkà ní Addis Ababa bèèrè pé kí ayé fẹnu kò láti má ṣe lo ọgbọ́n bíbo oòrùn yìí. Ní oṣù kejì 2024, ní Nairobi, Switzerland gbé àbá síwájú àpérò àyíká àjọ UN pé kí àwọn onímọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Áfíríkà ta kò ó, Switzerland sì fà á sẹ́yìn. Inú mi dùn sí ìdúró yẹn.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ìwádìí kú. Romaric Odoulami, ọmọ Benin, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cape Town rí i ní 2020 pé bíbo oòrùn báyìí lè dín ewu ọ̀dá kù ní ìlú Cape Town. Òjò Kánò àti ti Ṣókótó náà ń fẹ́ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ látọwọ́ àwọn ọmọ wa, LAUTECH Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni tó gbé bàálù kan sókè.