Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló ń mú kí àwòrán ikú wọ́n lọ́jà?

Nọ́ńbà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán títẹ̀ kì í sọ iye owó tó tọ́ sí i. Ẹ wo iṣẹ́ Andy Warhol, ará Amẹ́ríkà. Ní 1971, ó gbé àwòrán mẹ́wàá jáde nípa àga oníná tí wọ́n fi ń pa ọ̀daràn, ẹ̀dà 250 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1976, ó gbé ti agbárí mẹ́rin jáde, ẹ̀dà 50. Àmọ́ àwọn ẹ̀dà kan tún wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ayàwòrán, tí wọn ò kà mọ́ iye yẹn. Ẹni tó bá rí 7/50, ìyẹn ẹ̀dà keje nínú àádọ́ta, kó má rò pé àádọ́ta péré ló wà láyé.

Àwọn kan á ní ohun tó bá ṣọ̀wọ́n ló ń wọ́n. Òótọ́ ni, bí ẹni tó ń wá a bá wà. Ẹ̀dà márùn-ún iṣẹ́ ẹni tí a ò mọ̀ lè má rí oníbàárà rárá. Ohun tó ń sọ iye owó ni bí bébà ṣe rí (oòrùn a máa mú inki ṣá), ọwọ́ àwọn tó ti gbà kọjá, àti, tó bá jẹ́ ti Warhol, bóyá ó bá ìwé tí Feldman àti Schellmann fi ṣàkójọ àwọn àwòrán títẹ̀ rẹ̀ mu. Ìwé yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí ìgbìmọ̀ tó ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ Warhol ti kógbá wọlé.

Ta wá ni yóò gbé ikú kọ́ sí pálọ̀? Wọ́n pọ̀. Láti 1538 tí wọ́n ti tẹ àwòrán ijó ikú tí Hans Holbein, ayàwòrán ará Jámánì, yà jáde ní ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé ni àwọn èèyàn ti ń ra irú àwòrán bẹ́ẹ̀.