Atamátàsé lókè òkun: ohun tó yẹ kí òbí àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Ìkálẹ̀ mọ̀ kí ọmọ tó wọ bàálù

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Táíwò Awóníyì níwájú ilé Liverpool. Ó gbá a, ó lu òpó, ó ta padà bá a, ó sì fẹsẹ̀ tì í wọlé. Ayò kan ṣoṣo yẹn ni Nottingham Forest fi na Liverpool lọ́jọ́ náà. Ṣáájú àsìkò yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́fà tí Awóníyì fi jẹ́ agbábọ́ọ̀lù Liverpool, síbẹ̀ kò wọ pápá fún wọn nínú ìdíje kankan rí. Kì í ṣe pé kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ni kò rí gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Láti Òkìtìpupa dé Òde-Ìrèlè, láti Ìlútitun dé Igbótako, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti jáde, àwọn ọmọ á ti bọ́ sórí pápá, ọ̀kan á pe ara rẹ̀ ní Osimhen, èkejì á ní òun ni Lookman. Àwọn òbí wà tó ń yọ nínú owó púpurú àti epo pupa láti fi ra bàtà bọ́ọ̀lù fún ọmọ. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìrìn àjò Awóníyì yóò rí i pé ìwé ló ń pinnu ibi tí ẹsẹ̀ máa dé, àti pé láti kékeré ni ìwé ọ̀hún ti ń bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni Awóníyì ṣe dé òkè òkun?

Ìlú Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1997. Ìdíje àwọn ọmọdé tí Coca-Cola ṣagbátẹrù ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde ní 2010. Lẹ́yìn náà ló wọ Imperial Soccer Academy ní Ọ̀dẹ̀dá, nítòsí Abẹ́òkúta, ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tí Ṣèyí Olófínjànà, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles, dá sílẹ̀. Ní 2013, ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ, nígbà tí wọ́n na Mexico ní ayò mẹ́ta sí òdo nínú àṣekágbá.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2015 ló tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Liverpool. Ẹ ka ọjọ́ náà dáadáa: kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé ọmọ ọdún 18. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Victor Osimhen. Ó gbá ayò mẹ́wàá wọlé nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Chile ní 2015, gbogbo ayé sì ti mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ oṣù Kìíní ọdún 2017 ló tó lọ sí Wolfsburg ní Jámánì, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó pé 18.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń dúró de ọdún 18?

Òfin FIFA ni. Láti 2001 ni àjọ náà ti fi òfin de kí agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé 18 máa ti orílẹ̀-èdè kan lọ forúkọ sílẹ̀ ní òmíràn. Àyè tí òfin náà yọ̀ǹda kò pọ̀. Ọ̀kan ni pé kí àwọn òbí ọmọ ti ṣí lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù. Òmíràn wà fún àwọn tó ti pé 16 tí wọ́n ń bọ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láàrin àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, òmíràn sì wà fún àwọn tó ń gbé lẹ́nu ibodè. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀ ní Òkìtìpupa kò sí nínú èyíkéyìí.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wọlé wá pé kílọ́ọ̀bù kan ní Yúróòpù ń dúró de ọmọ ọdún 15, kí ẹ mú owó físà wá, irọ́ ló ń pa. Láti ọdún 2000 ni Jean-Claude Mbvoumin, ọmọ Cameroon tó ti gbá bọ́ọ̀lù jẹun rí, ti dá ẹgbẹ́ Foot Solidaire sílẹ̀ ní Paris nítorí àwọn ọmọ Áfíríkà tí irú àwọn ayédèrú aṣojú bẹ́ẹ̀ kó lọ, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ sígboro láìsí kílọ́ọ̀bù, láìsí owó ọkọ̀ tí wọn yóò fi padà sílé. Aṣojú gidi ní ìwé-àṣẹ FIFA, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì FIFA fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò.

Ọdún mẹ́fà lẹ́nu ọ̀nà Liverpool

Nígbà tí Awóníyì tọwọ́ bọ̀wé, ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù ni iye ìgbà tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ àgbà orílẹ̀-èdè rẹ̀. Awóníyì kò tíì gbá ẹyọ kan fún Super Eagles. Liverpool wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi yá àwọn ẹlòmíràn: FSV Frankfurt ní Jámánì, NEC ní Nẹ́dálándì, Mouscron ní Bẹ́ljíọ̀mù, Gent, Mouscron lẹ́ẹ̀kan sí i, Mainz, lẹ́yìn náà Union Berlin. Ìgbà méje ni wọ́n fi í yáni. Ìgbà méje ló bẹ̀rẹ̀ lọ́tun lọ́dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì di dandan kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń sáré, irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ fún atamátàsé.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, wọ́n yí òfin padà. Máàkì ni wọ́n ń kà báyìí, 15 sì ni ẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní. Bí líìgì tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ṣe lágbára tó àti iye ìṣẹ́jú tó fi wà lórí pápá wà lára ohun tó ń fún un ní máàkì. Gbogbo ìṣẹ́jú tí Awóníyì fi làágùn ní Jámánì wá di ohun tó níye lórí. Ó rí ìwé àṣẹ gbà lọ́dún yẹn, Union Berlin rà á pátápátá, ó gbá ayò 15 wọlé ní líìgì Jámánì ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ní 2022, Nottingham Forest san nǹkan bíi mílíọ̀nù 17 pọ́n-ùn lórí rẹ̀. Òun náà ló gbá bọ́ọ̀lù tó na Arsenal wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ayò tó jẹ́ kí Forest dúró ní líìgì tó ga jù.

Èló ló yẹ kó padà wá sílé?

Ibí yìí ni èèyàn púpọ̀ kò mọ̀. Bí kílọ́ọ̀bù ní orílẹ̀-èdè kan bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kílọ́ọ̀bù ní òmíràn nígbà tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún àwọn tó tọ́ ọ dàgbà láti ọdún 12 sí 23. Sáà kọ̀ọ̀kan láàrin ọdún 12 sí 15 ní ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Sáà kọ̀ọ̀kan láti 16 sí 23 ní ìdá 0.5.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá ta ọmọ kan ní mílíọ̀nù 17 pọ́n-ùn, ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù fún sáà kan ṣoṣo nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13 ní 42,500 pọ́n-ùn láti gbà. Bí ó bá jẹ́ sáà tó fi wà ní ọmọ ọdún 17 ni, 85,000 pọ́n-ùn ni. Owó mìíràn tún wà fún àwọn tó kọ́ ọ, nígbà tó bá kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe. Owó bẹ́ẹ̀ tó láti tún pápá ìlú kan ṣe, kó sì ra bọ́ọ̀lù àti bàtà fún ìran ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àmọ́ ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ nìkan ló ń gbà á. Ìwé kan wà fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tó ń to sáà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọdún yìí, ẹgbẹ́ yìí, láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ọ́fíìsì FIFA kan ní Paris ti ń fi ìwé yìí pín owó náà. Bí ibi ọdún 12 sí 16 bá ṣófo nínú ìwé ọmọ Ìkálẹ̀ kan, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó fi oòrùn Òkìtìpupa kọ́ ọ kò ní rí kọ́bọ̀.

Kí wá ni ṣíṣe?

Àkọ́kọ́, kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ní Ìkálẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ Oǹdó àti àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, NFF, kí wọ́n sì máa forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan. Èkejì, kí òbí gba ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ ní kùtùkùtù, kí wọ́n má sì gbà kí ẹnikẹ́ni gé ọjọ́ orí rẹ̀ kù. Láti 2009 ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ nínú ife ẹ̀yẹ àwọn tí kò ju 17 lọ. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ má fi ilé-ìwé sílẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni yóò ka àdéhùn tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀.

Àdéhùn yẹn ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Awóníyì forí lé bọ́ọ̀lù kan nínú ìdíje pẹ̀lú Leicester, ó sì kọlu òpó ilé. Ikùn rẹ̀ ṣèṣe débi pé àwọn dókítà ní láti fi oògùn mú un sùn fọnfọn kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kílọ́ọ̀bù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé àdéhùn nítorí pé agbábọ́ọ̀lù farapa, àmọ́ ẹni tó ní àdéhùn gidi lọ́wọ́ ni òfin lè gbèjà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tó máa gbá bọ́ọ̀lù ní Jámánì tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2035 ti wà lórí pápá kan ní Ìkálẹ̀ báyìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọdún mẹ́rin péré ló kù kí sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé.