Kí Ẹ Tó Fi Ìpìlẹ̀ Ilé Lélẹ̀

  Owó tí ń bẹ lẹ́yìn ilé kíkọ́ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyíinì owó iná mànàmáná. Ní oṣù April 2024, owó iná àwọn tí à ń pè ní Band A fò láti nǹkan bíi Náírà 68 sí 225 lórí ẹyọ kan. Ilé tí oòrùn ń sè bí ìkòkò kò lè ṣàì jẹ irú owó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù August 2017, Ìjọba Àpapọ̀ gbé ìwé ìlànà kan jáde, Building Energy Efficiency Code ni orúkọ rẹ̀. Ó ní kí a yẹ àwòrán ilé titun wò, kí a mọ iye iná tí yóò máa jẹ, kí bíríkìlà tó gbé síbí.

Fèrèsé ni wọn kọ́kọ́ ń wò. Kò yẹ kí ó ju ìdá kan nínú márùn-ún ògiri ìta lọ, àyàfi bí ó bá ní ìbòòji. Ògiri tí ó gùn ní ẹsẹ̀ 12, tí ó sì ga ní ẹsẹ̀ 10, fèrèsé ẹsẹ̀ 6 sí 4 tó o. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n fẹ́ gíláàsì láti òkè dé ilẹ̀, oòrùn oṣù March níhìn-ín kì í ṣe ẹgbẹ́ eré! Lẹ́yìn náà ni iná: wátì 6 péré fún mítà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ilé gbígbé. Pálọ̀ mítà 4 sí 5 ní ẹ̀tọ́ sí wátì 120. Gílóòbù àtijọ́ oní-60 méjì ti jẹ ẹ́ tán. Ti LED oní-9, mẹ́wàá kò tíì dé ibẹ̀.

Òrùlé ni ó ń dùn wá jù. Páànù lásán, láìsí ohun tí ń dí ooru lábẹ́ rẹ̀, a máa sọ yàrá di ààrò. Àwọn baba wa mọ èyí. Ògiri amọ̀ wọn nípọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ará Zaria.

Ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni àṣẹ àwòrán ilé wà; Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti là á mọ́lẹ̀ ní 2003. KASUPDA ni ẹ óò mú tiyín lọ. Kí ó tó débẹ̀, ẹ sọ fún ayàwòrán-ilé yín kí ó ṣírò gbogbo nǹkan wọ̀nyí sórí ìwé fún yín. Lórí bébà, ìpàwérẹ́ ni a fi ń dín fèrèsé kù. Lára ògiri, òòlù ni.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù. Bí ilẹ̀ kò bá gbà fún un, ẹ yọ etí òrùlé jáde dáadáa, kí ẹ sì gbin mángòrò tàbí dọ́gọ́ńyárò sí ìhà ìwọ̀-oòrùn.