Microsoft ti jáwọ́ lára Windows 10: Linux wo ló yẹ kọ̀ǹpútà ilé oníṣòwò?

Láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe tó ń ṣe sí Windows 10 fún gbogbo ènìyàn dúró. Kọ̀ǹpútà tó ń lò ó kò kú o, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun lára rẹ̀, àyàfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àsìkò ni wọn yóò bá dí i.

Oníṣòwò tó ń kọ orúkọ oníbàárà, gbèsè àti owó ọjà sínú kọ̀ǹpútà ilé ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Windows 11 tí wọ́n ní kí aráyé bọ́ sí ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ ni kò sì ní in. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi ń ra tuntun. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ yẹ Linux wò.

Ọdún 1991 ni Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux. Àwọn tó ń ṣe é kò fi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ pamọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè wò ó, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tó ń da orí ènìyàn rú ni pé oríṣiríṣi ló wà.

Ẹ má fi ẹwà yàn án. Iye ọdún tí wọn yóò fi máa tún un ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ wo Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀ lọ́dún 2004. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni tuntun rẹ̀ ń jáde, oṣù 9 péré ni wọ́n sì fi ń tọ́jú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tí wọ́n kọ LTS sí lára, tó ń jáde lọ́dún méjì-méjì, ni wọ́n ń tọ́jú fún ọdún 5. Ubuntu 24.04 LTS, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yóò máa rí àtúnṣe gbà títí di ọdún 2029.

Ẹni tí Windows ti mọ́ lára lè mú Linux Mint 22. Orí Ubuntu 24.04 ni wọ́n kọ́ ọ lé, òun náà yóò dé ọdún 2029, ojú rẹ̀ sì jọ Windows. RAM 2GB lè gbé e, ṣùgbọ́n 4GB ló rọrùn. Bí kọ̀ǹpútà bá ti ń rẹ̀, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ Xfce.

Ẹni tí kò fẹ́ àyípadà lemọ́lemọ́ ni Debian bá mu. Ó ti wà láti ọdún 1993, kì í sì í kánjú. Debian 13 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ọdún 5 ni ètò ààbò rẹ̀ yóò fi wà. Ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó jẹ́ 32-bit mọ́.

LibreOffice tó wà nínú wọn ń ṣí fáìlì Word àti Excel, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà lè yẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ CorelDRAW kò ní ti Linux, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ètò ìṣirò owó kan. Kí onítẹ̀wé má kánjú pa Windows rẹ́.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ da gbogbo fáìlì yín kọ síbòmíràn. Ẹ gba Linux tí ẹ yàn sílẹ̀ sórí fláàṣì 8GB. Dátà tí Mint 22 máa jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB. Ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí fláàṣì náà láì tíì gbé e wọlé, kí ẹ wò ó bóyá Wi-Fi, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ohùn ń ṣiṣẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, fláàṣì kan náà tó fún kọ̀ǹpútà ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù, láìsan kọ́bọ̀ fún ìwé àṣẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.